Kí ni àwọn Lárúbáwá ń sìn kí Ìsìláàmù tó dé?

Ọmọ Mọ́kọlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa, ó sì ti fẹ́ẹ̀ dìjà. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni Lárúbáwá ti ń ṣe Mùsùlùmí, pé ẹ̀sìn wọn àti ẹ̀yà wọn, ọ̀kan náà ni. Ọkọ àbúrò mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé òrìṣà ni wọ́n ń bọ kí Ànábì Muhammad tó dé, àti pé títí dòní Lárúbáwá wà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n dá sí i, mo ní ẹ jẹ́ kí n bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ná. Ta ló jàre? Ẹ má kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ o, ẹ là á yé mi.

Ààfáà Kékeré

Ọkọ àbúrò rẹ ló jàre. Àwa Mùsùlùmí gan-an la ní orúkọ tí à ń pe àsìkò tó ń sọ yẹn: Jàhílíyà, ìgbà àìmọ̀kan.

Ní Mẹ́kà, ìdílé Kùráéṣì ló ń mójú tó Káábà. Ìtàn sọ pé 360 ère ló yí i ká lọ́jọ́ tí Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run kó máa bá a) wọ ìlú náà ní 630 tó sì wó gbogbo wọn lulẹ̀. Hubal ni àgbà wọn. Ibn al-Kalbi, ẹni tó kọ ìwé lórí àwọn òrìṣà wọ̀nyí, ní òkúta pupa ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó ní ìrí èèyàn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti kán kó tó dé ọwọ́ Kùráéṣì, ni wọ́n bá fi wúrà rọ òmíràn sí i. Àwọn abo òrìṣà mẹ́ta tún wà tí Àlùkùránì dárúkọ nínú Súrà Nájímù. Al-Lat, ti àwọn ará Tọ́ífù ni. Al-Uzza wà ní Nakhla. Manat wà lójú ọ̀nà láàrin Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, òun ni ìdílé Aws àti Khazraj ń bọ jù lọ, àwọn wọ̀nyẹn tó wá di ọmọ ogun Ànábì lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, nítorí mo rí i pé àwọn oníwàásù wa kì í fẹ́ sọ ọ́. Àwọn èèyàn yẹn mọ Allah. Orúkọ bàbá Ànábì ni Abdullah, ẹrú Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ bàbá náà kú kí wọ́n tó bí ọmọ, Ìsìláàmù ò tíì dé. Wọ́n gbà pé Allah ló dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, àwọn òrìṣà yòókù ni wọ́n ń rán sí i. Hájì pàápàá, wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ń yí Káábà po. Oṣù mẹ́rin wà láàrin ọdún tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jagun, kí ọ̀nà lè dára, kí ọjà lè ná. Ọjà Ukaz nítòsí Tọ́ífù ń kún nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀, àwọn akéwì á sì máa figa gbága níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Màmá Ìbejì Ṣómólú

Ààfáà wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnìkan sọ fún mi rí pé wọ́n ń fi ọfà wádìí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ òrìṣà bí babaláwo ṣe ń fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe é níbí. Ṣé òótọ́ ni?

Ààfáà Kékeré

Òótọ́ ni, màmá. Ọfà méje ló wà níwájú Hubal, wọ́n kọ nǹkan sí ara ìkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ á mú 100 dírámù àti ràkúnmí kan wá fún olùtọ́jú ọfà, yóò sọ ohun tó bá a wá, wọ́n á sì ṣẹ́ kèké. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kànga, tí wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa san owó ẹ̀jẹ̀ (owó ìtánràn lórí ẹni tí wọ́n pa), tí wọ́n ń ṣe iyè méjì lórí ọmọ ẹni tí ọmọ jẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Ọ̀kan nínú ìtàn náà kan Ànábì fúnra rẹ̀. Abd al-Muttalib, bàbá bàbá rẹ̀, ń gbẹ́ kànga Sámúsámù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló sì ní lásìkò yẹn. Àwọn Kùráéṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò rẹ́ni gbèjà rẹ̀. Ló bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá bí ọmọkùnrin mẹ́wàá tí wọ́n sì dàgbà, òun á fi ọ̀kan nínú wọn rúbọ níwájú Káábà. Wọ́n pé mẹ́wàá lóòótọ́. Wọ́n kọ orúkọ oníkálukú sí ara ọfà, wọ́n ṣẹ́ ẹ níwájú Hubal, ó mú Abdullah, ẹni tí bàbá fẹ́ràn jù. Bàbá mú ọ̀bẹ, ó fa ọmọ lọ́wọ́. Àwọn Kùráéṣì dìde, wọ́n ní kò jẹ́ ṣe é, pé bó bá ṣe é, ẹnikẹ́ni ló máa máa fà ọmọ rẹ̀ wá lẹ́yìn ọ̀la. Wọ́n ní kí wọ́n lọ bá obìnrin aríran kan ní ìhà àríwá. Obìnrin náà bi wọ́n pé, "Èló ni owó ẹ̀jẹ̀ láàrin yín?" Wọ́n ní ràkúnmí mẹ́wàá. Ó ní kí wọ́n kó ràkúnmí mẹ́wàá sí apá kan, kí ọmọ wà lápá kejì, kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Bó bá tún mú ọmọ, kí wọ́n fi mẹ́wàá kún un.

Wọ́n ṣẹ́ ẹ, ó mú Abdullah. Wọ́n sọ ọ́ di 20, ó tún mú Abdullah. Ó di 30, 40, Abdullah ṣáá ni. Ìgbà tó pé 100 ni ọfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ ràkúnmí. Inú gbogbo èèyàn dùn, ṣùgbọ́n bàbá ní ó dìgbà tí wọ́n bá tún ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọkàn òun tó balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú ràkúnmí. Wọ́n pa 100 náà, wọ́n fi ẹran sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Owó ẹ̀jẹ̀ tí Ìsìláàmù wá fọwọ́ sí lẹ́yìn náà, ràkúnmí 100 ni.

Olùkọ́ Ìtàn

Ààfáà, ẹ ti sọ ti Mẹ́kà, ó sì dára. Àmọ́ ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Lárúbáwá, Mẹ́kà nìkan lẹnu ń lọ sí. Ìlú kékeré kan láàrin òkè òkúta ni Mẹ́kà nígbà náà. Àwọn Lárúbáwá tí ayé mọ̀ wà níbòmíràn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ ni ọdún 853 kí a tó bí Jésù. Ọba Asíríà ń ka àwọn tí wọ́n kóra jọ bá a jà ní Qarqar, ní Síríà, ó dárúkọ Gindibu Lárúbáwá tó kó ràkúnmí 1,000 wá. Ràkúnmí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ràkúnmí náà ló sì gbé òwò tùràrí wọn láti Yéménì dé etí òkun Gásà. Àwọn Nabatea tó gbẹ́ ìlú Petra sínú àpáta ní Jọ́dánì, ara wọn ni. Òwò yẹn ló sọ wọ́n dolówó kí Róòmù tó gba ilẹ̀ wọn ní 106.

Ẹ wo òkúta ibojì kan tí wọ́n rí ní Namara ní Síríà, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Páríìsì ló wà báyìí. Ọdún 328 ni wọ́n kọ ọ́. Lẹ́tà Nabatea ni, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ló wà níbẹ̀, ó sì pe ọkùnrin tí wọ́n sin síbẹ̀, Imru al-Qays ọmọ Amr, ní ọba gbogbo Lárúbáwá. Ọdún 328 nìyẹn o. Ó ku nǹkan bí 240 ọdún kí wọ́n tó bí Ànábì.

Nígbà tó fi máa di ìgbà tí Ààfáà ń sọ, ìjọba Lárúbáwá méjì ló ń dojú ìjà kọ ara wọn ní àríwá. Ghassan ń ṣọ́ ẹnubodè fún Róòmù, Kìrìsìtẹ́nì paraku ni wọ́n. Lakhm ní ìlú al-Hira, ní Ìráàkì, ń ṣọ́ tirẹ̀ fún Páṣíà. Ìlú wọn kún fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọba wọn tó jẹ kẹ́yìn sì ṣèrìbọmi. Kìrìsìtẹ́nì ń pa Kìrìsìtẹ́nì, Lárúbáwá ń pa Lárúbáwá, torí ọba àjèjì méjì tó ń sanwó.

Màmá Ìbejì Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n, ṣé Júù náà wà láàrin wọn? Mo rí i nínú ìtàn Mẹ̀dínà pé àwọn Júù kan wà níbẹ̀, mo rò pé àlejò ni wọ́n.

Olùkọ́ Ìtàn

Àlejò kọ́, màmá. Qaynuqa, Nadir àti Qurayza ni ìdílé Júù ńlá mẹ́ta ní Mẹ̀dínà, wọ́n ń dáko dàbínù, wọ́n ń rọ irin àti wúrà, èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń kéwì nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tí gbogbo Lárúbáwá ń fi ṣe àpẹẹrẹ títí dòní ni Samaw'al, Júù ní ìlú Tayma, ó ní odi kan tí wọ́n ń pè ní al-Ablaq. Akéwì ọmọ ọba kan, Imru al-Qays (kì í ṣe ti òkúta Namara o, òmíràn ni), ń sá kiri lẹ́yìn tí wọ́n pa bàbá rẹ̀. Ó fi ẹ̀wù ogun ìdílé rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ Samaw'al, ó gba ọ̀dọ̀ Késárì lọ láti wá ìrànlọ́wọ́. Àwọn ọ̀tá dé, wọ́n ní kó kó ẹ̀wù náà jáde. Ó kọ̀. Ọwọ́ wọn tẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn odi, wọ́n gbé e síwájú ilé: ẹ̀wù ni àbí ọmọ? Ó ní òun ò ní dalẹ̀ ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sọ́wọ́ òun. Wọ́n pa ọmọ náà lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kó ẹ̀wù ogun náà fún àwọn ajogún Imru al-Qays ní pípé. Bí Lárúbáwá bá fẹ́ yin olóòótọ́ lónìí, wọ́n á ní ó ju Samaw'al lọ. Mùsùlùmí ló ń sọ ọ́, Júù ni wọ́n ń fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ní gúúsù wàyí, ní Yéménì, àwọn ọba Himyar fúnra wọn ló gba ẹ̀sìn Júù ní nǹkan bí ọdún 380. Ọ̀kan nínú wọn, Yusuf, tí ìtàn ń pè ní Dhu Nuwas, dojú kọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìlú Najran ní 523. Ó pa wọ́n nípakúpa. Ẹ̀sìn nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì yẹn ń ṣe ti Etiópíà, Etiópíà sì ní Róòmù lẹ́yìn, ọba náà sì rò pé ará ilé ló fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ìpakúpa yẹn gan-an ló ṣílẹ̀kùn. Ní 525, Kaleb ọba Aksum, ìjọba Etiópíà ìgbà náà, kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀, wọ́n sọdá òkun, ìjọba Júù pin sí Yéménì. Balógun Etiópíà kan tó gba agbára níbẹ̀ nígbà tó yá ni Abraha, òun ni ìtàn wa sọ pé ó kó erin lọ sí Mẹ́kà.

Ẹ Má Tàn Mí

Gbogbo èyí dùn ní gbígbọ́. Ta ló kọ ọ́? Ibn al-Kalbi tí Ààfáà ń tọ́ka sí yìí, lẹ́yìn Ànábì ní nǹkan bí 200 ọdún ló kú. Mùsùlùmí ni. Ẹni tó ṣẹ́gun kọ́ ló ń sọ̀tàn ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun yìí? Ọfà méje, ràkúnmí 100, ó ti dọ́gba jù. Ẹ̀yin náà, Olùkọ́, àwọn ará Himyar yẹn kì í ṣe Lárúbáwá, èdè tiwọn yàtọ̀.

Olùkọ́ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ rẹ lórí Himyar tọ̀nà. Èdè wọn yàtọ̀, lẹ́tà wọn yàtọ̀, àwọn ọba wọn a sì máa sọ Lárúbáwá bí ẹni ń sọ ẹlòmíràn tó wà lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn tí Ìsìláàmù dé ni àwọn onítàn ìdílé pín gbogbo wọn sí ọmọ Qahtan ní gúúsù àti ọmọ Adnan ní àríwá, tí gbogbo rẹ̀ wá di Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé àwọn tó ṣẹ́gun ló kọ gbogbo ẹ̀.

Lọ sí aginjù òkúta dúdú tó wà láàrin Síríà, Jọ́dánì àti Sáúdí. Àwọn darandaran kọ ọ̀rọ̀ sára òkúta níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ kí Ìsìláàmù tó dé. A ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọ̀gá kankan ò rán wọn níṣẹ́. Ẹnìkan á kọ orúkọ rẹ̀, ọmọ lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dò, á ní òun ń ṣọ́ ràkúnmí, tàbí òun ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, á wá ké pe al-Lat pé kó fún òun ní ààbò, tàbí kó fún òun ní ìkógun, kí ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́ fọ́jú. Al-Lat tí Àlùkùránì dárúkọ náà nìyẹn, ẹnu ẹni tó ń sìn ín la ti gbọ́ ọ.

Ti Najran náà, ọmọ ogun Yusuf fi ọwọ́ ara wọn kọ ìròyìn ogun yẹn sára àpáta ní Hima, ní àríwá ìlú náà, ó wà níbẹ̀ títí dòní. UNESCO fi Hima kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2021.

Ààfáà Kékeré

Àbúrò Ẹ Má Tàn Mí, ti ràkúnmí 100, mi ò bá ọ jà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni kí Ibn Ishaq, ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ànábì, tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Bó bá ṣe pé wọ́n fẹ́ bu ọlá fún Ànábì lásán ni, ṣé wọ́n á sọ pé iwájú òrìṣà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti gba ẹ̀mí bàbá rẹ̀ là? Ohun tó ti ni lójú ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìwé yẹn. Èmi ka ìyẹn sí ẹ̀rí.

Ẹ Má Tàn Mí

Hmm. Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà o, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Òkè Òkun

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Sáúdí, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn tí mò ń rí lójoojúmọ́, kí ẹ má baà rò pé inú òkúta nìkan ni wọ́n wà.

Ìdílé ṣì lágbára níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ọkùnrin méjì bá pàdé ní yàrá ìgbàlejò ọsibítù, ìbéèrè tó tẹ̀ lé àlàáfíà ni pé ọmọ ta ni ọ́. Wọ́n á máa gùn ún lọ sókè títí wọ́n á fi bá ara wọn níbì kan. Àwọn ìdílé kan wà tí kì í fọmọ fún ẹni tí wọn ò mọ orísun rẹ̀, bó ti wù kó lówó tó, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà níbí á máa fojoojúmọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n dín fífẹ́ ọmọ àbúrò bàbá kù, torí àìsàn inú ẹ̀jẹ̀.

Àlejò ṣíṣe wọn kì í ṣe ẹnu lásán. Kọfí wọn pupa rúsúrúsú, kò dúdú, ó ń ta sánsán torí èso hẹ́ẹ̀lì (cardamom) tí wọ́n lọ̀ sí i. Ẹni tó ń bu ú á fi ọwọ́ òsì di ìkòkò mú, á fi ọwọ́ ọ̀tún na ife tí kò létí sí ẹ. Díẹ̀ ló ń bu, kò ní kún. Bí o bá mu ún tán, á tún bu. Á tún bu. Àyàfi kí o mi ife náà díẹ̀ láàrin ìka rẹ kí o tó dá a padà, ìgbà náà ló máa mọ̀ pé ó tó. Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ò mọ̀, wọ́n á máa sọ pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, kọfí á sì máa bọ̀.

Ẹlẹ́nu Rírọ̀

Gbogbo yín ń yìn wọ́n. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ẹrú? Lárúbáwá kó àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́rú fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí òyìnbó tó dé, wọ́n ṣì ń wo dúdú bákan. Ẹ kò fẹ́ sọ ìyẹn torí ẹ̀sìn.

Alámòójútó

Ẹlẹ́nu Rírọ̀, sọ ọ̀rọ̀ rẹ, má sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má fi èébú dáhùn.

Olùkọ́ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ ni. Ó wà níbẹ̀ kí Ìsìláàmù tó dé, Ìsìláàmù ò sì pa á rẹ́. Ẹ gbọ́ ti Antara. Shaddad, ọmọ ìdílé Abs, ni bàbá rẹ̀. Ẹrúbìnrin Etiópíà tó ń jẹ́ Zabiba ni ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ẹrú bá bí, ẹrú ni, bí bàbá ò bá pè é lọ́mọ. Lọ́jọ́ kan, àwọn olè ogun ya wọ ibùdó wọn, wọ́n ń kó ràkúnmí lọ. Bàbá ké sí Antara pé kó kọ lù wọ́n. Antara ní ẹrú ò mọ ogun jíjà, ràkúnmí fífún wàrà àti dídè wọn ni iṣẹ́ òun. Bàbá ní, "Kọ lù wọ́n, o ti di òmìnira!" Ó dìde, ó jà, wọ́n gba ràkúnmí padà. Ewì rẹ̀ wà nínú àwọn ewì ńlá tí wọ́n ń pè ní Mu'allaqat, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iléèwé ní gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá. Akọni tí wọ́n ń fi ń yangàn, ọmọ ẹrú dúdú ni. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òwò ẹrú ò dáwọ́ dúró.

Láti 869 dé 883, àwọn ẹrú dúdú tí wọ́n ń fi kó iyọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ní gúúsù Ìráàkì dìde sí àwọn Abbasid, ìdílé ọba Mùsùlùmí ìgbà náà, fún ọdún 14, wọ́n gba ìlú Basra. Sáúdí fòfin de ẹrú ní 1962. Omani, 1970. Mauritania, 1981. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí báyìí ti wà láyé nígbà náà.

Ọmọ Gbági

Ẹ jẹ́ kí n dá ọkọ àbúrò Ọmọ Mọ́kọlá lóhùn lórí ti ṣọ́ọ̀ṣì, torí ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ Lebanon Street ní Gbági àtijọ́. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ni bàbá mi bá ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá bàbá mi, Maronite ni, ìjọ Kátólíìkì ilẹ̀ wọn. Àwòrán Charbel mímọ́ wà lókè tábìlì owó, bàbá onírùngbọ̀n funfun tó wọ aṣọ dúdú, tó dojú bolẹ̀. Bí ọ̀gá bá bínú, "Yà Allah!" ni. Bó bá ń gbàdúrà Bàbá Wa, èdè Lárúbáwá ni. Bàbá mi, Mùsùlùmí ògidì, ló ń yà lẹ́nu jù.

Nílùú wọn lọ́hùn-ún, ìjọ àti ẹ̀sìn 18 ni òfin mọ̀. Láti ìgbà àdéhùn 1943, Maronite ni ààrẹ, Mùsùlùmí Súnnì ni olórí ìjọba, Mùsùlùmí Ṣíà ni olórí ilé aṣòfin. Ìkànìyàn ọdún 1932 ni wọ́n fi pín in, wọn ò sì tíì ka èèyàn mọ́ láti ìgbà náà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ohun tí iye náà máa sọ. Ogun abẹ́lé jà láti 1975 dé 1990. Àdéhùn Tọ́ífù ní 1989 wá sọ pé kí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí pín ilé aṣòfin lọ́gbọọgba. Ìjókòó 128 ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ Mọ́kọlá

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ o. Bí kì í bá ṣe ẹ̀sìn, kí wá ni Lárúbáwá? Àwọ̀ kọ́, mo ti rí dúdú, mo ti rí pupa láàrin wọn. Ilẹ̀ kọ́, wọ́n wà láti Mòrókò dé Ìráàkì. Kí ló so wọ́n pọ̀?

Olùkọ́ Ìtàn

Èdè ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 700, Abd al-Malik, kálífà (olórí àwọn Mùsùlùmí) ní Dàmásíkù, ní kí wọ́n máa fi èdè Lárúbáwá kọ ìwé owó ìjọba dípò Gíríìkì àti Páṣíà, ó sì ní kí wọ́n tẹ owó tí Lárúbáwá nìkan wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ìjọba kọ́ èdè náà, Kìrìsìtẹ́nì tàbí Júù. Hunayn ibn Ishaq tó túmọ̀ ìwé Galen, oníṣègùn Gíríìkì ìgbàanì, ní Bagdad, Lárúbáwá Kìrìsìtẹ́nì láti al-Hira ni. Maimonides, Júù tí wọ́n bí ní Kọ́dóbà ní Sípéènì, fi èdè Lárúbáwá kọ ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀. Bó ṣe ń lọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ nìyẹn tí ọmọ Íjíbítì àti ọmọ Síríà fi di Lárúbáwá, láìjẹ́ pé bàbá ńlá wọn ti aginjù wá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀ ṣá. Ọ̀pọ̀ Kóptì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìbílẹ̀ ní Íjíbítì, ló máa sọ fún ọ pé àwọn kì í ṣe Lárúbáwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè yẹn nìkan ni wọ́n gbọ́. Àwọn Amazigh, tó ti wà ní Mòrókò àti Àljíríà kí Lárúbáwá tó dé, jà títí wọ́n fi sọ èdè tiwọn di èdè ìjọba, Mòrókò ní 2011, Àljíríà ní 2016. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, Sòmálíà wà nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, tó ní orílẹ̀-èdè 22, bẹ́ẹ̀ èdè Sòmálì ni wọ́n ń sọ nílé. Òṣèlú wà nínú rẹ̀.

Màmá Ìbejì Ṣómólú

Àwọn Júù tó ń sọ Lárúbáwá ńkọ́? Ibo ni wọ́n wọlẹ̀ sí?

Olùkọ́ Ìtàn

Wọ́n lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ísírẹ́lì sílẹ̀ ní 1948, ilẹ̀ gbóná mọ́ wọn. Láàrin 1949 àti 1950, bàálù kó nǹkan bí 50,000 kúrò ní Yéménì. Ní Ìráàkì, èyí tó ju 100,000 lọ ló kúrò láàrin 1950 àti 1951, ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn. Àwùjọ tó ti wà ní Bábílónì kí wọ́n tó bí Jésù ni. Èyí tó kù ní Bagdad lónìí ò ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọn Palẹsítínì tí wọ́n lé tàbí tó sá kúrò nílé ní 1948, èyí tó ju 700,000 lọ, òmíràn nìyẹn, ó tó ọ̀rọ̀ tí a lè ṣí ojú ìwé tirẹ̀ fún.

Ẹ Má Tàn Mí

Nọ́ọ̀sì, o ní gúúsù Sáúdí lo wà. Ṣé o ti dé Najran tí wọ́n ń sọ yìí?

Nọ́ọ̀sì Òkè Òkun

Mo ti débẹ̀. Al-Ukhdud ni wọ́n ń pe ìlú àtijọ́ náà, ìta Najran tòní ló wà. Orúkọ yẹn wà nínú Súrà Búrúújì, àwọn onítumọ̀ púpọ̀ sì ní àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí Yusuf pa ni àyọkà náà ń sọ. Òkúta onígun mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹṣin, ràkúnmí àti ejò sí ara àwọn kan, wọ́n kọ lẹ́tà àwọn ará gúúsù ìgbàanì sí òmíràn. Ọlọ òkúta ńlá kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fi ọwọ́ méjèèjì gbá mọ́ra.

Àwọn tó ń gbé ìlú náà lónìí, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe Súnnì bíi ọ̀pọ̀ ará Sáúdí yòókù. Ìdílé Yam, Ìsìmáílì ni wọ́n, ẹ̀ka Ṣíà kan. Ní 1934 ni Sáúdí àti Yéménì jagun lórí ilẹ̀ náà, tí àdéhùn Tọ́ífù ti ọdún yẹn fi sọ ọ́ di ti Sáúdí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lọ wò ó, oṣù Kọkànlá sí Èrèlé ni kó wá. Oòrùn ibẹ̀ nígbà ooru wọn kì í ṣeré.